Ojú Tí Wọ́n Fọ̀ Kúrò Lára Bàbà ní Ẹnúgù

Ojú baba ńlá mi ni a pàdánù, kò sì sí owó tí ó lè rà á padà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Oníṣẹ́ ọnà kan fi abẹ́rẹ́ irin ha àwòrán rẹ̀ sára pẹlẹbẹ bàbà, kí a lè máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ọmọ rẹ̀, akọ̀wé rélùwéè, gbé bàbà náà lọ sí Ẹnúgù, ó sì fi í síkàáwọ́ ìjọ àwọn Yorùbá níbẹ̀.

Agogo márùn-ún ìdájí ni mo kúrò ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, láti lọ tẹ ẹ̀dà kan wá fún ẹbí. Títì dán títí a fi kọjá Bìní. Lẹ́yìn afárá Odò Ọya ni kòtò bẹ̀rẹ̀. Ní Náínì Máìlì, oríta ńlá tí ó ṣáájú ìlú, mo ra ọ̀kpà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ó jọ mọ́ínmọ́ín wa, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ, ebi kò sì tún pa mí títí di alẹ́.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ, bàbá ọlọ́yàyà kan, ni ó gbé bàbà náà lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú aṣọ àtijọ́ tí wọ́n fi wé e wá.

“Tíṣà, ṣé ẹ rí i bó ṣe ń kọ mọ̀nà? Dúdú bí ìdí ìkòkò ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà àjọ̀dún ìjọ la fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, bí a ṣe ń fọ agogo.”

“Ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́, bàbá?”

“Ìgbìmọ̀ ni. Ṣé ká wá gbé ìdọ̀tí kọ́ ara ògiri ni?”

Ní Abákpà Níkè, àdúgbò kan ní Ẹnúgù, mo gbé e fún Ikenna, ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ àwòrán. Ó ra yíǹkì sí i, ó nù ún, ó sì fà á kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ó ṣí bébà, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí ojú wà.

“Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ a máa gbé etí bàbà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó bá ha. Etí yẹn ló ń gba yíǹkì, òun ló ń mú kí òjìji ojú rọ̀ bí àrán. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ lọ. Mo lè ha ojú mìíràn síbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tèmi ni yóò jẹ́.”

“Má ha á,” ni mo wí.

Ibi tí ojú wà ti funfun báláú. Ṣùgbọ́n níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé jìn, ọwọ́ baba ńlá mi ṣì wà, tí ó di ìwé mú gírígírí. Orí mi wú. Ní ayé tí àwọn kan ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè mọ̀wé, ìwé ni ọkùnrin yìí mú dání níwájú ayàwòrán.

Bébà tí ọwọ́ náà wà ti wà lára ògiri ilé mi ní Ìbàdàn báyìí. Ọmọbìnrin mi gbé ọwọ́ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, “Dádì, àtàǹpàkò yín nìyí.” Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ẹni tí ó fẹ́ràn nǹkan láìmọ̀ ọ́n lè bà á jẹ́ ju olè lọ. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ nìkan kọ́ ni èyí. Lára aṣọ tí wọ́n fi wé bàbà náà, akọ̀wé rélùwéè ti fi yíǹkì kọ ọ́ ní Yorùbá gbọnmọgbọnmọ: “Ẹ má fọ̀ ọ́.” Aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo bi yín ní gbangba: ta ló tú aṣọ yìí, tí ó kà á, tí ó sì tún bu iyanrìn? Ẹ dá wa lóhùn.