Ọmọbìnrin Tí Kì í Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Alékúwodò, mo ń ṣa ẹ̀wà, ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń fa imú nínú yàrá. Mo rò pé ọ̀fìnkìn ni. Nígbà tí mo yọjú, ọmọ ọmọ mi ni mo bá tó dùbúlẹ̀ gbalaja, ìwé ìtàn láyà rẹ̀, omijé lójú. Ó ní ọmọbìnrin kan wà nínú ìwé náà tí kò ní ọ̀rẹ́, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi léèrè ohun tó ṣe é. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Màmá, nígbà tiyín tí gbogbo yín ń gbé pọ̀, ṣé ẹnìkan tún máa ń dá wà?"

Ẹ̀yin ọmọ òde òní rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ ìdáwà láyé. Mo gbé ẹ̀wà mi wọ yàrá, mo jókòó ti ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀, mo sọ ìtàn yìí fún un.

Abúlé oko kan lọ́nà Ìbòkun ni a ń gbé nígbà náà, ní bí ọdún kan lẹ́yìn tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo tó ọmọ ọdún méjìlá. Kòkó ni bàbá mi ń gbìn. Obì gbànja ni ti Yèyé, opó kan tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa. Ọmọ kan ṣoṣo ni Yèyé bí, obìnrin ni. Ọmọ yìí fẹ́ oníṣòwò aṣọ, wọ́n sì jọ lọ sí Sáríà ní Òkè Ọya, bí ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń ru aṣọ dé ibi gbogbo tí ọ̀nà bá dé. Ibẹ̀ ló kú sí. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ mú ọmọbìnrin wọn wálé, ó fi í sọ́dọ̀ Yèyé, ó ní òun á padà wá wò ó nígbà ìkórè kòkó. A ká kòkó, a sá a, ó gbẹ, a tà á. A kò rí i.

Oríyọmí ni Yèyé ń pe ọmọ náà. Ọmọ náà kì í dáhùn. Yóò tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì ń lé tìróò yí ojú po. Tí wọ́n bá pè é, á kàn máa wo iwájú bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Kì í bá wa pọn omi, kì í bá wa ṣa igi. Orí òkúta kan lẹ́yìn ilé ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi lé e kúrò níbẹ̀. Ẹnu wá ń kùn. Àwọn kan ní odi ni, àwọn kan ní ìgbéraga ni. Ìyá mi, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní ọmọ tó bá ti wọ rélùwéè rí, kò lè ka oko sí mọ́.

Èmi kò gba ọ̀kankan gbọ́. Ìtọpinpin ni àìsàn tèmi láti kékeré. Òun ló mú mi já bọ́ lórí igi ọsàn, nígbà tí mo fẹ́ mọ iye ẹyin tó wà nínú ìtẹ́ ẹyẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ yìí láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì rí i pé tó bá ku òun nìkan, ètè rẹ̀ máa ń mì. Odi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ń bá sọ̀rọ̀?

Lọ́jọ́ kan, Gàmbó, Haúsá tó máa ń ra obì lọ́wọ́ Yèyé, dé láìsí ògbufọ̀ rẹ̀. Ó ṣí agbọ̀n obì kan, ó fa ojú ro, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ewé gbòdògì tí a fi tẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó ń jù ú sílẹ̀. Yèyé figbe ta.

"Ó ń ba obì mi jẹ́! Kí ni mo fi ṣe ọkùnrin yìí?"

Ó di agbọ̀n mú, Gàmbó náà di í mú. Wọ́n ń fà á bí ọmọdé tó ń ja ìjà ẹran. Ìgbà náà ni ohùn kan já gooro lẹ́yìn wa ní èdè Haúsá. Gàmbó jọ̀wọ́ agbọ̀n, Yèyé jókòó sílẹ̀ gbì. Ọmọ yẹn ló dúró níbẹ̀. Òun àti Gàmbó sọ̀rọ̀ díẹ̀, Gàmbó rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. A ò rí eyín rẹ̀ rí! Ó wá kọjú sí Yèyé, ó fi Yorùbá sọ ọ́ wẹ́rẹ́:

"Kò bú obì yín o. Ó ní ewé yìí ti gbẹ jù. Tí ẹ ò bá pààrọ̀ rẹ̀, obì á ti rọ kó tó dé Kánò."

"O gbọ́ Yorùbá?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé tí o kì í dá mi lóhùn?"

"Orúkọ tí ẹ ń pè kọ́ ni mò ń jẹ́. Tàlátù ni mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ń pè mí."

Yèyé dìde nílẹ̀. Ó mú ewé tútù, ó ń fi í tẹ́ agbọ̀n.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti lọ ń jókòó lórí òkúta yẹn. Mo ní kó kọ́ mi ní Haúsá. Ó kọ́ mi ní ìkíni, mo sì ń fi í kí ewúrẹ́ kiri abúlé, òun á máa rẹ́rìn-ín. Díẹ̀díẹ̀ ló sọ̀rọ̀ Làmí fún mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wọn níyà ní Sáríà. Làmí lọ sí ìlú ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí bàbá Tàlátù mú ọmọ rẹ̀ wálé, Làmí kò sì mọ̀ pé Tàlátù ti lọ. Làmí yìí ni Tàlátù ń bá sọ̀rọ̀ tí ètè rẹ̀ fi ń mì.

Nígbà tó yá, ó sọ èyí tó le jù. Tí a bá tún ná ọjà Òṣogbo, òun á yọ́ kúrò lẹ́yìn wa, òun á wọ rélùwéè lọ. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo nínú rélùwéè, tí kò mọ ẹni tó máa pàdé! Lọ́jọ́ kẹrin, mo sọ fún Yèyé. Kò pariwo, kò sì bá Tàlátù sọ ọ́. Ó kàn ní kí n lọ bá òun wá ewé.

Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ akẹ́rù kó wa dé Ọjà Ọba. Kò pẹ́ tí Yèyé fi ní òun ń lọ ra iyọ̀. Lẹ́yìn náà ni Tàlátù yọ́ lọ, mo sì ń tẹ̀ lé e lókèèrè títí ó fi dé ìdíkọ̀ rélùwéè. Níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, Yèyé jókòó, ó gbé ẹrù lé itan bí èrò ọkọ̀. Gàmbó àti ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ àwọn agbọ̀n obì tó ń lọ Òkè Ọya.

Tàlátù bojú wẹ̀yìn, ó rí mi. Mi ò gbàgbé ojú tó fi wò mí.

"Má wò ó bẹ́ẹ̀," Yèyé wí. "Wá jókòó."

"Ṣé ẹ wá mú mi padà ni?"

"Rárá. Tìjà tìjà ni èmi àti ìyá rẹ fi túká. Nígbà tó ń lọ, mo kọ̀, mi ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò sì fojú kàn án mọ́. Ìwọ, tí o bá máa lọ, lọ bí ọmọ tí wọ́n sìn. Má lọ bí ọmọ tó sá." Ó nawọ́ sí tọkọtaya náà. "Wọ́n á fà ọ́ lé bàbá rẹ lọ́wọ́."

Yèyé gbé ẹrù itan rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ti Tàlátù ni. Tàlátù kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan Yèyé, ó sunkún títí ọkọ̀ fi fọn fèrè. Nígbà tó gbé ẹrù náà wọ ọkọ̀, ó juwọ́ sí Yèyé láti ojú fèrèsé. Kò juwọ́ sí mi.

Odidi ọdún méje ni mo fi ru ìyẹn kiri. Lẹ́tà bàbá Tàlátù ń wá sí Yèyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo ń kà á fún un, wọn kì í dárúkọ mi nínú rẹ̀. Nígbà tí Yèyé kú, a tẹ wáyà sí Sáríà. Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin kan tó pọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń ké bọ̀ láti ẹ̀bá ọ̀nà: "Yèyé o! Mo ti dé ulé o!" Ulé ni àwa Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé. Gbogbo abúlé bú sẹ́kún.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tàlátù fúnra rẹ̀ wá jókòó tì mí. Mo ní kó dárí jì mí.

"Mo bínú sí ọ dé Ọ̀fà," ó wí. "Nígbà tí a dé Ìlọrin, ebi pa mí, mo tú ẹrù Yèyé. Èkuru ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni kíjìpá tí ìyá mi ń ró nígbà ọmọge, Yèyé ti fi pamọ́ láti ìgbà náà. Mo dà á bora, mo sunkún dé Jẹ́bà. Ìbínú ti tán kí a tó sọdá odò."

Àpò ọ̀rá ni wọ́n fi ń di obì báyìí, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sì wà lọ́wọ́ gbogbo yín. Ká ní ẹ̀rọ yìí wà nígbà náà, Tàlátù ìbá ti rí Làmí bá sọ̀rọ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e wá sọ́dọ̀ Yèyé. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń wo iwájú tí a bá pè wọ́n, a sì ṣì ń yára sọ pé ìgbéraga ni. Oṣù mẹ́rin ni èmi fi ṣọ́ Tàlátù láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi olùtọpinpin, kí n tó rìn dé ibi òkúta yẹn. Ìṣísẹ̀ ogún péré ni.