Ìka Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ìyá mi ti kú. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ bó ṣe rí sílẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin òkèèrè ń gbé ní yunifásítì. Àdéhùn wà láàárín yunifásítì wa àti òmíràn lókè òkun. Àwọn tibẹ̀ á wá kàwé lọ́dọ̀ wa fún ọdún kan, àwọn tiwa náà á lọ sọ́dọ̀ wọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti kẹ́rù jáde, ìyá mi á wọlé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, búrọ́ọ̀ṣì àti oògùn ìfọlé kan tó máa ń ta èèyàn nímú. Á fọ balùwẹ̀, á fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á fọ ògiri ibi ìdáná, títí omi ìdànù á fi mọ́ bí omi mímu. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Bó bá gbá ọ mọ́ra, imú rẹ á sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá àdéhùn yẹn lọ. Ọdún kan ló yẹ kó lò. Ó rí ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́ níbẹ̀, ó dúró. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ wá há sọ́wọ́ ìjọba. Wọn ò lé e, wọn ò sì fún un ní tuntun. Bó bá jáde, kò ní lè padà wọlé, gbogbo ohun tó ti kọ́ á wọmi.

"Màmá, mo ti há síbí o," ló máa ń sọ lórí fóònù.

"Ó sàn kéèyàn há sílé ìwé ju kó há sẹ́nu ìkookò," ni ìyá mi á fi fèsì. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Bí fóònù bá ti kú, ìyá mi á mú àkísà, á máa nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, alámòójútó ilé náà pè é. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ la ń pe ọkùnrin náà, nítorí kọ́kọ́rọ́ tó ń ró woroworo ní ìbàdí rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ jókòó, kí ẹ má baà ṣubú." Ó ní lọ́dún yìí, àdéhùn náà ti kan àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́. Àwọn tó ń fọlé náà lè lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún. Ìyá mi ni wọ́n mú. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ wà gan-an ni.

Ìyá mi kì í wọ bàtà wọ yàrá. Lọ́jọ́ yẹn, ó wọ̀ ọ́ dé orí ibùsùn. Èmi ni mo bá a bọ́ ọ.

"Kí ni wọ́n ní kí ẹ wá wò níbẹ̀, Màmá?"

"Wọ́n ní kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń fọlé. Ọmọ mi ni èmi fẹ́ lọ wò. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, màá yọjú sílé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn náà."

Mo tẹ̀ lé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba físà. Wọ́n ní kó tẹ ìka mọ́ gíláàsì ẹ̀rọ kan tó ń ya ìlà ojú ìka. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ náà nu gíláàsì, ó nu ìka, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Òfo.

"Màmá, ìka yín dán bí àwo. Ká ní olè lẹ jẹ́ ni, ọlọ́pàá ò ní rí yín mú láéláé."

"Ọmọ mi, ká ní mo tètè mọ̀ ni, ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó mi orí. Ó ní oògùn ìfọlé ti jẹ ìlà ojú ìka rẹ̀ tán. Kó má fọwọ́ kan omi àti oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìlà á padà hù. Láìsí ìka, kò sí físà.

A gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ lọ.

"Ìsinmi kẹ̀? Àwọn tuntun ń bọ̀. Ta ló máa fọ yàrá?"

"Ẹ fi ẹlòmíràn sí i díẹ̀, ọ̀gá."

"Bí ẹlòmíràn bá ń fọ̀ ọ́, ẹlòmíràn lòṣìṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń mú lọ, Ìyá. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin." Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Bó bá fọlé, kò ní ní ìka. Bí kò bá fọlé, kò ní níṣẹ́. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún un. Oògùn ń gba ọrùn ọwọ́ wọnú rẹ̀, ó sì ń dúró síbẹ̀. Awọ rẹ̀ tún bó sí i. Nílé, èmi ni mò ń fọṣọ, èmi ni mò ń fọ àwo. Á jókòó lé ọwọ́ rẹ̀, á máa wò mí bí ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, àwo yẹn ṣì ń yọ̀ o."

Bíríkìlà ni mí. Mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ní kí n lọ bá a fọlé. Ẹ̀ṣọ́ dá mi dúró lẹ́nu géètì.

"Níbo?"

"Mo fẹ́ bá ìyá mi ṣiṣẹ́."

"Ilé obìnrin nìyí, àbúrò. Irùngbọ̀n rẹ ju ti bàbá mi lọ. Padà."

Mi ò padà kíákíá. Mo dúró lẹ́yìn ògiri. Mò ń gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nínú.

A tún padà síbi ẹ̀rọ. Òfo. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ò ṣàwàdà mọ́. Àsìkò kọjá. Wọ́n ní kí àyè náà má ṣòfò, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ló lọ.

Nígbà tó dé, ó mú nǹkan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ìbọ̀wọ́ ni, ó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, òwú wà nínú rẹ̀. Ìyá mi wọ̀ ọ́. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ó ṣì rántí bí ọwọ́ mi ṣe tó."

Mo ní kó máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òun ò lè fi í fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ló fi í sí, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ mú un. Lẹ́yìn náà, kò lè dìde mọ́. Wọ́n fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Ó wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò fọ nǹkan kan mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pè mí.

"Wá wò ó."

Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀. Ìlà wà níbẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó yí po, bí èyí tí mo máa ń fi irin fà sára sìmẹ́ńtì tútù.

"Wọ́n ti padà wá," ó rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo ni wọ́n tún máa mú èèyàn?"

"Lọ́dún tó ń bọ̀, Màmá."

"Ó dáa. Má jẹ́ n fọwọ́ kan omi o."

Mo máa ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, mo máa ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò fi kan ọwọ́.

Ọdún náà ò bá a láyé. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè wá. Mo pè é lórí fóònù tó ń fi ojú ẹni hàn, mo gbé e dání. Kò sunkún. Ó ní, "Fi ọwọ́ wọn hàn mí." Mo fi hàn án.

Àbúrò ìyá mi àti àwọn obìnrin méjì gbé omi wá láti wẹ òkú. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi kan ọwọ́ wọn."

"Ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú nìyẹn?"

Mo gbé fóònù sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀ látinú fóònù: "Ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí."

Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ náà fún un dé ìgbọ̀nwọ́, kí wọ́n tó bu omi sí i.