Ọ̀bẹ Tí À Ń Dá Padà

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ mú ọmọ mi obìnrin níbi tó ti ń kọ́ ìjà ìgbèjà-ara ní ìlú Ọ̀yọ́. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ìró ọ̀bẹ igi tó já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Mo dúró síta. Ìró yẹn gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sínú gbọ̀ngàn kan tí wọn kò kan òrùlé rẹ̀ tán, lẹ́yìn Ọjà Igbó, níbi tí èmi àti Ràṣídì, ọ̀rẹ́ mi tí mo fi ọdún díẹ̀ jù lọ, ti kọ́ irú ìjà kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sú mi. Kì í ṣe ti fífò sókè tí ẹ ń rí nínú fíìmù. Ìjà ìsúnmọ́ra ni. Èmi àti ẹnì kejì á sún mọ́ra débi pé màá máa gbóòórùn ohun tó jẹ láàárọ̀. Ti Ràṣídì sábà máa ń jẹ́ àkàrà. A óò gbé ọrùn ọwọ́ lé ọrùn ọwọ́. Bí tirẹ̀ bá ti fẹ́ gbéra, awọ ara mi ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kí ojú tó mọ̀. Màá fi ọwọ́ kan ṣoṣo tẹ apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn láyà, ọwọ́ mi kejì á sì wà lómìnira.

Bó bá kan ọ̀bẹ, a óò gbá ọrùn ọwọ́ ẹni tó mú un mú, a óò yí i títí ìka rẹ̀ á fi tú. Ràṣídì ló mọ̀ ọ́n jù. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́, ìka rẹ̀ sì yá. Bó bá ti gba ọ̀bẹ igi náà tán, yóò di ojú ọ̀bẹ náà mú, yóò kọ èèkù rẹ̀ sí mi, yóò tẹ orúnkún díẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ ọ̀tún dá a padà.

"Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún ti sùn lọ."

Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń ṣe é. Ta ni yóò ju nǹkan àgbà sílẹ̀? Ìyá Ràṣídì, tó ti rò pé iṣẹ́ jàǹdùkú là ń kọ́ ọmọ òun, wá wò wá lọ́jọ́ kan, ó ní àwa oníjà mọ̀wàá hù ju àwọn tí kì í jà lọ. Inú Bọ̀ọ̀dá Láńre, olùkọ́ wa, dùn gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ràṣídì gbé aṣọ lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àdúgbò Under G. Ó bá àgbàlagbà kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó fa ọ̀bẹ yọ sí ọmọ tí wọ́n jọ ń jà. Ràṣídì wọ àárín wọn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kíá ló tẹ apá ọkùnrin náà mọ́ ọn láyà, tó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tó sì gba ọ̀bẹ. Kò ṣìṣe rárá. Ọkùnrin náà wá nawọ́, ó fi ohùn baba sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, mú ọ̀bẹ mi wá."

Ràṣídì tẹ orúnkún. Ó di ojú ọ̀bẹ mú, ó kọ èèkù rẹ̀ sí i. Ọkùnrin náà fà á.

Wọ́n rán ọgbẹ́ ọwọ́ Ràṣídì ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n iṣan ti gé, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì ká mọ́. Nígbà tí mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Mi ò tiẹ̀ rò ó, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi ló dá a padà."

Bọ̀ọ̀dá Láńre ti kíláàsì pa fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó ṣí i padà, ó ṣòfin pé ẹni tó bá gba ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀, kó má wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn òbí kan kùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló gbé òfin náà dé Ọ̀yọ́, níbi tí ọmọ mi ti ń kọ́ ìjà.

Gbọ̀ngàn wa ti di ilé ìtajà báyìí. Ràṣídì fi télọ̀ sílẹ̀, ó ń dáko ní Iresa. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Ó ní àlejò kan kọ omi lọ́wọ́ òun nígbà kan, torí òsì lòun fi gbé e, àlejò náà kò sì dúró gbọ́ àlàyé. Láti ìgbà náà ló ti máa ń tọrọ àforíjì kó tó fún àgbà ní ohunkóhun.

Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ó yọ àgbàdo lórí iná.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, òsì ni," ló wí, ó sì tẹ orúnkún.

Èmi náà tẹ orúnkún, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.