Àwọn Áńkọ̀ Bàbá Tẹ́júọlá

Irin máa ń rìn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Bàbá Tẹ́júọlá sọ fún Ọláyanjú nìyẹn lọ́jọ́ tó gbé òòlù lé e lọ́wọ́ lójú irin Òṣòdì, Ọláyanjú sì rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Irin tí odindi gáńgì òṣìṣẹ́ ń fi "họ́ọ̀pù" gbé, òun náà ló wá ń rìn? Bàbá ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Máa rín in lọ. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti Ìkẹjà, tó fẹ́ wọ Òṣòdì, ó gbọ́dọ̀ tẹ búréèkì. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ti irin síwájú, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Oòrùn náà tún ń nà án. Tí ò bá sí ohun tó dì í mú, á rìn títí kò fi ní í ríbi rìn sí mọ́, á wá ká."

Ohun tó ń dì í mú yẹn ni wọ́n ń pè ní áńkọ̀. Irin kékeré kan báyìí ni, ó tẹ̀ bí ìkọ́. Abẹ́ irin gígùn ni wọ́n ń fi òòlù gbá a wọ̀, á di ìdí irin mú gírígírí, á wá fara ti pákó ńlá tí irin sùn lé, èyí tí wọ́n ń pè ní sílípà, kí irin má bàa lè sún. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ dá ojú irin náà kọjá lójoojúmọ́ ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìkirun ni Ọláyanjú. Nígbà tó dé Èkó, kò síṣẹ́ tí ò ṣe. Ó ru búlọ́ọ̀kù ní Okota, ó fọ mọ́tò ní Àgọ́ Palace, ó ti ọmọlanke ní Òṣòdì, ìyà sì jẹ ẹ́ bí ẹni máa kú. Ibi tí òun àti ọlọ́mọlanke kan ti ń bú ara wọn ni Bàbá Tẹ́júọlá ti ń kọjá lọ lọ́jọ́ kan. Ó gbọ́ èébú ilé lẹ́nu rẹ̀, ló bá fà á lápá, ó ní, "Ìwọ yìí, ọmọ ilé ta ni ọ́ ní Ìkirun?" Abórìṣàdé lorúkọ Bàbá gan-an, ará Ìkirun lòun náà.

Bàbá ló mú un wọ gáńgì àwọn tó ń tọ́jú ojú irin. Òun ló bá a wá yàrá kan ní Ailegun. Nígbà tí àwọn òbí Memunat, ọmọbìnrin tí Ọláyanjú fẹ́ fẹ́, ní àwọn ò lè fọ́mọ fún ẹni tí ò lẹ́bí l'Ékòó, Bàbá ló wọ agbádá, tó lọ jókòó síwájú wọn, tó ní, "Èmi ni bàbá rẹ̀. Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀." Ọjọ́ tí Memunat bí Fàthíà ọmọ wọn, Bàbá àti Ìyá Tẹ́júọlá ló kọ́kọ́ dé. Ẹ gbọ́, kí lèèyàn tún ń wá lọ́dọ̀ bàbá tó ju ìyẹn lọ?

Káṣúà ni Ọláyanjú lẹ́nu iṣẹ́ náà, ìyẹn ni pé wọ́n lè lé e láàárọ̀ kó má sì rẹ́ni bi pé kí ló dé. Kọ́ńpìnnì tó gbaṣẹ́ títọ́jú ojú irin àtijọ́ yẹn ti pín in fún wọn lábala-lábala, ẹnì kan, abala kan. Ohun tó bá sọnù ní abala rẹ, ìwọ ni wọ́n máa bi. Àwọn olè sì ń bẹ nílẹ̀ tó ń tú áńkọ̀ lọ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọkùnrin kan nínú gáńgì lọ fẹjọ́ sùn pé wọ́n kó tòun. Òun gan-an ni kọ́ńpìnnì lé, wọ́n ní òun ló tà á. Látìgbà náà, kálukú pa ẹnu ẹ̀ mọ́.

Ní ọdún yìí ni wọ́n kéde pé ẹnjiníà àgbà ń bọ̀ wá yẹ abala kọ̀ọ̀kan wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá pé, wọn á sọ ọ́ di stáàfù. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá pé, kó máa lọ ilé ẹ̀. Háà! Ọ̀rọ̀ mìíràn tán nílé Ọláyanjú. Memunat ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n yẹ ohunkóhun wò, ó ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé ọkọ òun ti di stáàfù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n yẹ ti Bàbá Tẹ́júọlá wò, ó pé pérépéré. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú, Tẹ́júọlá bímọ ní Okota. Ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá ní nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá oyún. Inú Bàbá dùn débi pé ó kọ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ sódì. Ó ní, "Yanjú, mò ń lọ wojú ọmọ. Bá mi fojú sí tèmi títí dọ̀la. Má jẹ́ kí hẹ́ẹ̀dìmáànù gbọ́ o, á ní mi ò gbàyè."

"Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ bá mi kí Àǹtí Tẹ́jú."

Bàbá ò tíì rìn jìnnà tí Ọláyanjú fi dé abala tirẹ̀, ó sì rí ohun tójú ẹ̀ rí. Àwọn olè ti gbabẹ̀ kọjá mọ́jú. Láti ibi tí koríko ti hù dé ìdí afárá ẹlẹ́sẹ̀, wọn ò ṣẹ́ áńkọ̀ kankan kù. Ọ̀la sì ni ẹnjiníà ń bọ̀ wá wo tirẹ̀.  Ó jókòó lórí irin, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń ṣépè fún olè, ó tún ń pe Ọlọ́run.

Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo gáńgì ń dá, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Tí ọ̀gá bá ti yẹ abala kan wò tán, ẹni tí tirẹ̀ ò pé á lọ yá ẹyọ díẹ̀ níbẹ̀, á kàn án mọ́ tirẹ̀, tí ọ̀gá bá ti lọ á dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni abala gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i, á sì wà níbẹ̀. Ọláyanjú mú fóònù jáde láti pe Bàbá, ó tún ti í bọ àpò. Ó ní òun ò fẹ́ bà á láyọ̀ jẹ́. Irọ́ ló ń pa fúnra ẹ̀ o! Ó mọ̀ pé Bàbá á ní rárá, torí ohun tóun nílò ti kọjá ohun tí wọ́n ń yá.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti wíìbárò lọ sí abala Bàbá. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ta ló máa bi ẹni tó wọ ẹ̀wù iṣẹ́, tó mú òòlù dání? Ayọ̀bámi nìkan, tó ń ta bàtà òkúrìká lẹ́bàá ojú irin, ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tú u tán o! Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọkọ̀."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, kó o tajà ẹ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọláyanjú ń tú ọ̀kan, ó ń fo ọ̀kan. Ó rò ó pé ìdajì tó kù á ṣì lè di irin mú di ọ̀la. Àmọ́ nígbà tó yá, ó wo wíìbárò, ó rí i pé kò tíì tó, ilẹ̀ sì ti ń lọ. Ló bá ṣíwọ́ fífò. Ó ń tú u tẹ̀ lé ara wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹnjiníà dé lọ́wọ́ àárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ irin, ó fẹsẹ̀ ta áńkọ̀ kan, kò mì. Ó gbá Ọláyanjú léjìká, ó ní iṣẹ́ ẹ̀ dáa. Ohun tí Ọláyanjú ti pinnu ni pé bí ọkùnrin yìí bá ti ń wọ mọ́tò lòun máa kó ẹrù Bàbá padà. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ní kí Ọláyanjú àti hẹ́ẹ̀dìmáànù, ọ̀gá gáńgì wọn, wọlé sẹ́yìn mọ́tò, kí wọ́n lọ yàwòrán ẹ̀ ní ọ́fíìsì, kí wọ́n lè ṣe káàdì stáàfù fún un. Ó lè sọ pé òun ní nǹkan tóun fẹ́ ṣe. Ó lè ní inú ń run òun. Ńṣe ló wọ mọ́tò.

Oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́bàá irin ká ẹní wọn, wọ́n sún sábẹ́ ibòji. Ayọ̀bámi ò sún. Ọ́fíìsì ni Ọláyanjú wà, ó jókòó síwájú ògiri funfun, wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n sókè, nígbà tí fóònù hẹ́ẹ̀dìmáànù dún. Hẹ́ẹ̀dìmáànù pariwo, "Yéè! Níbo?" Ọláyanjú ti mọ ibi tó jẹ́ kí wọ́n tó sọ.

Ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì ló ń bọ̀, ó tẹ búréèkì láti wọ Òṣòdì, irin sì sún. Kò sóhun tó dì í mú. Ó ká sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ já bọ́, wágùnnù kan sì dojú dé sí ibi tí Ayọ̀bámi pàtẹ bàtà sí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Ọláyanjú dúró láàárín èrò, ó ń wo àwọn bàtà tí sìmẹ́ǹtì bò. Nínú gbogbo Òṣòdì, ẹnì kan péré ló rí i tó ń tú áńkọ̀, ẹni náà ló kú yìí. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má wò mí, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó bì.

Ẹnì kankan ò wá Bàbá Tẹ́júọlá lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló sáré dé láti Okota, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń ké láàárín èrò pé, "Ẹ jẹ́ n kọjá! Èmi ni mo ni ibí yìí!" Ọlọ́pàá ní kò burú, àwọn ti ń wá ẹni tó ni ín. Wọ́n bẹ abẹ́ irin wò, wọn ò rí áńkọ̀. Wọ́n bi hẹ́ẹ̀dìmáànù, ó ní òun ò fún un láyè láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó tán. Wọ́n ní ó tú áńkọ̀ tà, ó sì lọ fara pa mọ́ sí Okota.

Ọláyanjú ń gbé oúnjẹ lọ fún un lójoojúmọ́ ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá tí wọ́n tì í mọ́. Nínú gbogbo gáńgì, òun nìkan ló ń yọjú. Ní ọjọ́ kan, ó fi ẹnu mọ́ irin tó wà láàárín wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé èmi lẹ fà á lé lọ́wọ́."

"Kí wọ́n lè mú ìwọ náà? Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹ́ di stáàfù. O ní ọmọ kékeré nílé. Èmi ti gbó, Yanjú, mi ò ní dárúkọ ẹ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn olè yẹn ti ń ṣọ́ mi ni. Wọ́n rí i pé mo kúrò. Ìwọ náà ò kúkú lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan."

"Bàbá, kì í ṣe olè..."

"Olè ni! Àbí ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ó tẹjú mọ́ Ọláyanjú, ó ń dúró kó dáhùn. Ẹ̀rù ba Ọláyanjú. Ó ṣí abọ́, ó ní, "Ẹ jẹun, Bàbá. Ọbẹ̀ ń tutù."

Ní òwúrọ̀ tó bá tún dé ibi iṣẹ́, abala tirẹ̀ ló ń gbà kọjá, níbi tí àwọn áńkọ̀ Bàbá wà, tí wọ́n di irin mú dáadáa. Kò lè wò wọ́n, kò sì lè tú wọn. Tí Memunat bá gbé oúnjẹ fún un, ńṣe ló ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Memunat ń sọ fún àwọn ará ilé pé ọ̀rọ̀ Bàbá ló ń dun ọkọ òun bẹ́ẹ̀, pé èèyàn tó mọ oore ni.

Nígbà tí wọ́n wá sọ pé wọ́n fẹ́ gbé Bàbá lọ sí kóòtù, pé láti ibẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, Ọláyanjú ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó fi káàdì stáàfù sí àpò kó lè kó o lé DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀, lọ́wọ́. Láti Ailegun títí dé tẹ́ṣàn ló ń wí i lábẹ́lẹ̀: èmi ni mo tú u, ẹ fi Bàbá sílẹ̀; èmi ni mo tú u, ẹ fi Bàbá sílẹ̀.

Bó ṣe wọ ọgbà tẹ́ṣàn, wọ́n ti gbé Bàbá sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n ti dè é lọ́wọ́. Bàbá rí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pọ̀, ó kí i. Ìyá Tẹ́júọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, òun, Tẹ́júọlá tó gbé ọmọ tuntun dání, àtàwọn obìnrin ilé wọn. Ìyá yìí rí Ọláyanjú, ló bá kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀. Obìnrin tó bá a gbé ìyàwó, tó wẹ ọmọ ẹ̀!

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ẹ dìde, mà, mo fẹ́ sọ nǹkan."

"Mi ò dìde. Gbogbo wọn ló sá. Ẹni tí Bàbá gbà síṣẹ́, ẹni tí Bàbá fún lóúnjẹ, gbogbo wọn sá, ìwọ nìkan lo ò sá." Omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Bó o ṣe ṣe sí wa yìí, Ọláyanjú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlọ́run máa ṣe sí ìwọ náà. Bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe sí Memunat. Bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe sí Fàthíà títí dọjọ́ alẹ́ ẹ̀."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Àmín!" Tẹ́júọlá ní, "Àmín!" Ọlọ́pàá tó fẹ́ wa mọ́tò dúró, ó ní, "Àmín o." Bàbá wí i láti ẹ̀yìn mọ́tò. Gbogbo wọn wá yíjú sí Ọláyanjú, wọ́n ń retí tirẹ̀.

Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó ti ń wí bọ̀ láti Ailegun wà lórí ahọ́n ẹ̀. Ó wo ìyá tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó wo àwọn obìnrin yẹn, ó wo ọmọ tuntun.

Ó ní, "Àmín, mà."