Bùọ̀dá Láńre, Dìfẹ́ndà tí Kì í Dúró Lẹ́yìn

Ó dìgbà ná, Bùọ̀dá Láńre, akọ́bí Bàbá àti Màmá. Ẹ ti lọ láìwẹ̀yìn, bí ẹ ti máa ń lọ lórí pápá.

Ní Sàmárù tí wọ́n bí wa sí, ta ni kò mọ̀ wá nídìí họ́kì? Dìfẹ́ndà ni àwa méjèèjì, ẹ̀yin lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì, àwọn òǹwòran ò sì yé fi wá wéra. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé orí ọ̀pá yín, iwájú ló kù: ẹ ó gé ẹnì kan, ẹ ó yí ẹlòmíràn po, ẹ ó sì gbá a wọ góòlù kí wọ́n tó mọ ibi tí ẹ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín a ṣófo. Èmi ò mọ bọ́ọ̀lù í gbé sáré. Kí n dúró, kí n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀, ìyẹn ni mo mọ̀. Kóòṣì wa a máa sọ pé, "Láńre mọ lílọ, Jídé mọ dídúró. Ká ní Ọlọ́run pò wọ́n pọ̀ ni, ǹ bá ti sinmi."

Nígbà tí wọ́n wá ṣa eléré fún ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, dìfẹ́ndà kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin ni wọ́n mú. Wọ́n ní ẹni tó ń ti ẹ̀yìn wá gbá góòlù ṣọ̀wọ́n. Inú mi dùn, ó sì dùn mí.

Ẹ kò tíì di ẹrù yín tán tí rọpárọsẹ̀ fi dá Bàbá wólẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páàtì alùpùpù ní Sábóngàrí. Màmá ti ṣaláìsí ṣáájú. Ẹ pè mí sẹ́yìn ilé, ẹ ní, "Jídé, ìwọ máa lọ. Ọwọ́ rẹ ò lè gbé Bàbá. Mo ti bá kóòṣì sọ̀rọ̀." Mo sunkún, ẹ gbé báàgì lé mi lọ́wọ́.

Báyìí ni ẹni tí kì í dúró lẹ́yìn ṣe dúró. Láàárọ̀, ẹ ó gbé Bàbá dìde, ẹ ó wẹ̀ wọ́n, ẹ ó fún wọn lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ ó wọ ṣọ́ọ̀bù tóóró yẹn, táyà níwájú, ògiri lẹ́yìn. Bí àwọn eléré bá ń kọjá lọ sí pápá, ẹ ó yíjú síbòmíràn. Bí oníbàárà bá bi yín pé ìgbà wo lẹ máa padà síbi eré, ẹ ó ní, "Sáì hànkúrì. Sùúrù ló kù."

Lọ́dún Àjíǹde kan, mo sọ fún yín pé kóòṣì tuntun ò jẹ́ kí n kọjá ìlà àárín pápá rí, pé ìdènà nìkan ni wọ́n gbà mí fún. Ẹ wò mí títí. Ẹ ní, "Ọ̀kan ò lè jáde, wọn ò jẹ́ kí ìkejì kọjá." A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú.

Ẹ kò sọ fún wa pé kíndìnrín ń dà yín láàmú. Ẹ ní bí ẹ bá lọ dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ta ni yóò dúró ti Bàbá? Nígbà tí ẹ fi máa lọ sí ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Òpó ilé wa, ọmọ tó tọ́jú baba bí ẹni tọ́jú ẹyin, n kò padà sí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ń gbé Bàbá dìde báyìí, èmi ni mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ojú wọn ti di bàìbàì, Láńre ni wọ́n ń pè mí. Ẹbí ní a kò gbọdọ̀ sọ fún wọn, pé a kì í túfọ̀ ọmọ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀. Mo ń jẹ́ orúkọ yín, n kò rọ́nà jáde.

Ẹ sùn re o, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ti jí, wọ́n ń pè yín. Mò ń lọ dáhùn.