Ògiri Yẹ̀pẹ̀ Ẹ̀yìn Ilé Wa

Lẹ́yìn ilé tá a rẹ́ǹtì ní Ìkòròdú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ògiri yẹ̀pẹ̀ kan wà tó ga ju òrùlé wa lọ. Alàájì kan ló ni ín. Ó ra ilẹ̀ àfonífojì tó wà lókè wa, ó gbé katapílà wá kó yẹ̀pẹ̀ jọ, ó fi sé odò kékeré tó ń ṣàn níbẹ̀, ó sì ń sin ẹja àrọ̀ nínú adágún tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Dáàmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Dáàmù tí mo mọ̀ nílé wa ní Ọ̀ṣun, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é. Eléyìí, yẹ̀pẹ̀ lásán ni, koríko ló bò ó, ewúrẹ́ ń jẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí, àwa náà ṣì ń gbé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi ẹ̀rín sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọkọ mi kì í gbọ́ ẹjọ́ mi. Kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, tó bá sì dé, oorun ló ń wá. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ ògiri náà sílẹ̀, á ní Ẹnjiníà ti tún dé. Ṣùgbọ́n inú ilé amọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo mọ bí ògiri amọ̀ ṣe máa ń ṣe kó tó wó. Ìyá mi ló sì jẹ mí lógún jù. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ló ti wà lọ́dọ̀ wa, yàrá ẹ̀yìn ló ń sùn, èyí tó kọjú sí ògiri náà gan-an.

Omi máa ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ nídìí ògiri yẹn. Omi tó mọ́ ni, àwọn kan tiẹ̀ ń fọ aṣọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá Alàájì sọ ọ́. Tó bá di Ìtúnu Ààwẹ̀, tó bá tún di Kérésì, ó máa ń fi ẹja ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀, ẹnu tó bá sì jẹ dọ̀dọ̀ kò lè sọ òdodo. Èmi náà jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Lọ́dún tó kọjá, òjò rọ̀ títí ilẹ̀ ò fi mu ún mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde sẹ́yìn ilé láti da omi nù, mo rí i pé omi ìdí ògiri ti pọ́n. Omi tó bá pọ́n, ara ògiri ló ń kó bọ̀. Mo wọlé, mo bẹ ìyá mi pé kó dìde ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè. Ó ní òun ò lè torí òjò sá kúrò nílé, pé òjò ti ń rọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo sunkún. Ẹ̀wà ló ń ṣà ní tiẹ̀.

Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Mo gun òkè lọ síbi adágún náà. Nígbà tí mo dé orí ògiri, omi adágún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Páìpù ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó yẹ kí omi tó bá pọ̀ jù máa gbà jáde, ṣùgbọ́n Alàájì ti fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu rẹ̀, kí ẹja má bàa bá omi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọlọ́sìn ẹja àdúgbò wa ń ṣe. Ewé, koríko àti ọ̀rá piọ̀ wọ́tà ti wá dí nẹ́ẹ̀tì náà pinpin, omi ò rọ́nà lọ. Alàájì fúnra rẹ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn, ó ń fi igi yọ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Alàájì, ẹ dákun, ẹ gé nẹ́ẹ̀tì yìí," mo ní. "Omi ìdí ògiri ti pọ́n. Ìyá mi wà nísàlẹ̀."

Kò wò mí. Ó ní ẹja náà ti tó kó, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun fẹ́ kó o, pé Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká rí ibi. Mo ní àmín, mo sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé léraléra ló ń yíjú wo ibi tí omi dé lára ògiri. Ẹ̀rù ń bà á bó ṣe ń bà mí, ẹja ni kò jẹ́ kó lè sọ. Bá a ṣe wà níbẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ya lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó já sínú omi. Alàájì fò sẹ́yìn. Ó yọ ọ̀bẹ, ó sì gé nẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀, ó ń gé e, ó ń pe Ọlọ́hun.

Omi ya jáde, ẹja bá a lọ, ara tù mí díẹ̀. Àfi bí mo ṣe wo ìsàlẹ̀ tí mo rí àwọn ará àdúgbò. Wọ́n ti rí ẹja. Wọ́n gbé bẹ́síìnì àti korobá, wọ́n wọ inú odò lábẹ́ ògiri náà gan-an, níbi tí omi pípọ́n ti ń jáde. Mo pariwo pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀, ariwo omi bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ìyá mi wà láàárín wọn. Obìnrin tí kò lè torí òjò jáde nílé ti ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó ń lé àrọ̀.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo ṣubú, mo dìde, mo wọ inú omi, mo dì í lápá mú. Ó já ọwọ́ mi kúrò.

"Jẹ́ kí bẹ́síìnì mi kún ná," ó ní. "Ṣé gbogbo ayé á kó ẹja, kí n wá lọ lọ́wọ́ òfo?"

Mo wo ògiri, mo wo bẹ́síìnì. Kò tíì dé ìdajì. Mo kẹ̀yìn sí gbogbo yẹ̀pẹ̀ yẹn, mo tẹ̀ba, mo sì ń bá a kó ẹja bí mo ti lè yára tó, kó lè tètè kún, ká lè lọ.