Ìwọ Nìkan Ni Mo Fún

Ẹ má pè mí lólè o. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan rí. Tíṣà ni mí ní Ìgàǹdó, ọmọ Èkìtì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú bírò ẹlòmíì nínú kíláàsì mi, ojú gbogbo wọn ló ti máa dá a padà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo orin tó wà lórí fóònù mi nígbà náà, mi ò ra ẹyọ kan.

Ọwọ́ ọkùnrin kan ní Ìkòtún ni mo ti ń gbà wọ́n. Ó ti hewú nírùngbọ̀n. Abẹ́ agboòrùn ló máa ń jókòó sí, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan àti sípíkà ńlá tó ń da etí èèyàn láàmú. O máa na fóònù sí i, ó máa da orin kún inú ẹ̀, o máa fún un ní nǹkan díẹ̀ fún wàhálà rẹ̀, ó parí. Àwọn tó kọrin ńkọ́? Mi ò ro tiwọn rí, jàre. Lójú tèmi, gbogbo olórin ló ti lówó.

Àfi ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi, tá a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, fẹ́ gbé àwo orin jáde. Aránṣọ ni, Akówonjó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọdún méjì gbáko ló fi du ara rẹ̀ ní bàtà àti yẹtí nítorí orin mẹ́fà. Ọjọ́ ìkórè la máa ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀, inú fúláàṣì kékeré ni wọ́n máa tà á. Ọjọ́ yẹn ló máa mọ̀ bóyá òun lè fi orin jẹun, àbí kóun máa bá abẹ́rẹ́ lọ títí ayé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ló fi orin àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀ sínú makirofóònù ní sítúdíò: "Tíṣà mi, ìwọ nìkan ni mo fún o. Bá mi gbọ́ ọ. Ibi tó bá wọ́, sọ fún mi." Omi bọ́ lójú mi. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀méje, kò sí ibi tó wọ́.

Níbí ni mo ti hùwà òmùgọ̀. A ní gúrúùpù kan lórí fóònù, àwa obìnrin ìlú wa tó wà l'Ékòó. Kò sí nǹkan tuntun tá a kì í gbàdúrà sí níbẹ̀. Ẹnì kan ra ilẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀, igbó ṣì bò ó, fọ́tò igbó yẹn la gbàdúrà lé lórí. Èmi náà bá gbé orin ọ̀rẹ́ mi síbẹ̀: "Ẹ bá wa fi àdúrà ti orin yìí lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni o." Àmín rọ̀jò. Mo rò pé oore ni mo ṣe!

Ọjọ́ kẹrin, mo ń bọ̀ láti ilé ìwé, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkòtún, mo gbọ́ ohùn kan láti inú sípíkà yẹn: "Tíṣà mi, ìwọ nìkan ni mo fún o."

Mo sáré bá ọkùnrin náà. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé ó jù mí lọ.

"Ta ló fún ọ lórin yìí?"

"Àǹtí, ẹ rọra. Oníbàárà mi kan ló gbé e wá. Ó ní inú gúrúùpù àdúrà ìyàwó òun lòun ti rí i."

"Olè ni ọ́! Òógùn olóòógùn lò ń jẹ! Pa á rẹ́ kíákíá!"

Kò tiẹ̀ bínú. "Gbogbo èyí tí mo ti ń fi sínú fóònù yín láti ọjọ́ yìí wá, ta ló ni wọ́n? Ẹ ò bi mí rí."

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. Tẹni n tẹni ṣá. Ìgbà tó kàn mí ni mo wá mọ̀ pé olè ń jà. Ó pa á rẹ́ lójú mi, ó sì bi mí pé ta ló máa bá mi pa á rẹ́ lórí fóònù gbogbo Alímọ̀ṣọ́.

Mo gba Akówonjó lọ, mo sì ń kígbe kí n tó wọlé: "Ọ̀rẹ́ mi, olè kan wà ní Ìkòtún! Jẹ́ ká mú ọlọ́pàá lọ bá a!"

Kò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. Ó fi eyín gé òwú. "Mo ti gbọ́ ọ ní ibùdókọ̀ Command láàárọ̀ àná," ló wí. "Ìwọ ni mò ń retí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Ó dá mi dúró.

"Ọkùnrin yẹn ò mọ̀ mí rí. Ìwọ mọ̀ mí."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bá a kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n jó, wọ́n làágùn. Àwọn fúláàṣì kún orí tábìlì bámúbámú, wọn ò tà. Màmá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní, "Ṣebí èyí tó dùn jù nínú ẹ̀ ti wà lórí fóònù mi, kí ni mo tún fẹ́ rà á ṣe?" Ó ṣe mí bíi kí n bú u, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń ránṣọ. Ó ń kí mi dáadáa, ó sì ń rán aṣọ mi. Lọ́dún yìí ló tún gbé orin kan ṣoṣo jáde, ẹnu àwọn èèyàn ni mo ti gbọ́ pé ó ti jáde. Mo rà á láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, orin àkọ́kọ́ tí mo rà láyé mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi sétí, mo ń retí kó kọ́kọ́ pè mí ní "Tíṣà mi".

Kíbọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ dún.